Odò Ẹ̀ẹ̀rùn, Odò Òjò: Ohun tí Máàpù Àtijọ́ Lè Sọ àti Èyí tí Kò Lè Sọ nípa Odò Ògùn ní Ìkòsì

Wọ́n ti ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ láàárín àwa onímọ̀ pé kí wọ́n tó ṣí dáàmù Ọ̀yán, tó ń tú omi sí Odò Ògùn, ní 1983, omi kì í yọ Ìkòsì, Máìlì 12 àti Ajégúnlẹ̀ ní Èkó lẹ́nu. Ẹ̀rí wọn ni àwọn máàpù ìwọ̀n 1:50,000 ti ìjọba àpapọ̀, níbi tí Odò Ògùn ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Ọ̀mọ̀wé tí a bọ̀wọ̀ fún ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àbá náà kò dúró.

Kì í ṣe gbogbo máàpù àtijọ́ ló kàn wá níbí. Èyí tí W. T. Lawson yà ní àwọn ọdún 1880 mọ sí ìlú Èkó gangan. Èyí tó kàn wá ni irú èyí tí wọ́n fi fọ́tò bàálù ṣe, tó gbilẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ òkè òkun sílẹ̀ ní 1946.

Ọdún tí wọ́n tẹ máàpù ọ̀tọ̀, àsìkò tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ọ̀tọ̀. Ọdún wà létí ìwé, gbogbo ènìyàn ń kà á. Àsìkò ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Kámẹ́rà kò lè ríran la ìkùukùu já, nítorí náà bàálù ayafọ́tò kì í sábà gbéra nígbà òjò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, tí omi ti fà. Odò inú máàpù, odò ẹ̀ẹ̀rùn ni. Odò tó ń lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ jáde nílé, odò oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ ayé àtijọ́ mọ èyí dáadáa: ìgbà tí odò bá kún ni ẹrù Èkó máa ń rí ọ̀nà gbà dé Aro l'Ábẹ́òkúta, kí ọkọ̀ ojú irin tó gba òwò náà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wo ìlà tó dúró fún odò nínú máàpù fúnra rẹ̀. Ní ìwọ̀n 1:50,000 yìí, mìlímítà kan lórí ìwé jẹ́ mítà 50 lórí ilẹ̀. Ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn sì fi 50 ẹsẹ̀ bàtà, bíi mítà 15, ju ara wọn lọ. Gbogbo ilẹ̀ tó bá rẹlẹ̀ ju ìlà àkọ́kọ́ lọ, ọ̀kan náà ni lójú máàpù: èyí tó fi mítà kan ga ju odò lọ kò yàtọ̀ sí èyí tó fi mẹ́wàá ga jù ú. Òfìfo yẹn ni wọ́n kà sí ilẹ̀ gbígbẹ! Àmì irà tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò títí dé apá Àgbóyì, wọ́n fojú fò ó.

Ibi tí àwọn baba wa tẹ̀dó sí tún sọ tirẹ̀. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Kétu lọ sí Máìlì 12 yóò mọ̀ pé òun ń sọ̀kalẹ̀ láti ilẹ̀ gíga tí wọ́n yàn lọ sí ilẹ̀ omi. Ní Àgbóyì, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ṣì fi ń wọlé, tí wọ́n fi ń jáde.

A kò sọ pé dáàmù kò lọ́wọ́ sí i. Omi tí wọ́n tú sílẹ̀ wà lára ohun tó fa ìkún omi 2010, àwọn tó ń wa yanrìn nínú odò náà kò sì ṣe é lóore. Ohun tí a lè fi ìṣọ́ra sọ kò ju pé máàpù wọ̀nyí kò lè jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n fi wọ́n jẹ́rìí sí. Ó sì jọ pé odò ti máa ń wá gba ilẹ̀ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ dáàmù.

Létí aṣálẹ̀ ni ọ̀ràn máàpù tó ń fi omi àsìkò kan ṣoṣo hàn yìí ti le jù. Jean Tilho, ọ̀gágun Faransé tó rin àyíká adágún Chad láàárín 1906 àti 1917, ló fi ìwọ̀n gíga ilẹ̀ hàn pé ilẹ̀ kòtò Bodélé rẹlẹ̀ ju adágún náà lọ, àti pé àfonífojì gbígbẹ Bahr el-Ghazal ti ilẹ̀ Chad kì í ṣe apá odò Náìlì. Adágún yẹn fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 25,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Lẹ́yìn ọ̀dá àwọn ọdún 1970 àti 1980, díẹ̀ ló kù. Máàpù ọdún wo la fẹ́ pè ní òótọ́ níbẹ̀? Odò Yobe, tó jẹ́ ààlà Nàìjíríà àti Niger ní apá kan, ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò tẹ̀ lé èyí: ìwé 1:200,000 ti Faransé lápá kan, ìwé ti Nàìjíríà lápá kejì, lórí omi kan náà. A ti ń wá oṣù tí wọ́n ya fọ́tò ìwé kọ̀ọ̀kan.