Oró Àyálò: Bí Onígbáméjì Ṣe Di Apani

Ní 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà gba àárín ilẹ̀ Kétu. Ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ àti Ìwòyè-Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ààlà náà kò dí ọjà, kò dí ìgbéyàwó, kò sì lè dí àrùn.

Ẹ jẹ́ ká fi onígbáméjì ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ìṣe rẹ̀: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́ gbuuru. Àjàkálẹ̀ rẹ̀ keje bẹ̀rẹ̀ ní Indonéṣíà ní 1961. Ó dé Gíní ní oṣù kẹjọ 1970, ó sì tẹ̀ lé etí òkun wá. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wọ Èkó. Ní 1991 nìkan, ó pa èèyàn tó lé ní 7,600 ní Nàìjíríà.

Bakitéríà tó ń fà á ni Vibrio cholerae. Ní 1959, ní Calcutta, Sambhu Nath De fi hàn pé oró tí bakitéríà yìí ń tú sínú ìfun ló ń fa gbogbo omi ara jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Vibrio cholerae inú odò àti ọ̀sà ni kò ní oró yìí rárá. Níbo wá ni èyí tó ń pani ti rí tirẹ̀?

Ní 1996, Matthew Waldor àti John Mekalanos ní Harvard rí ìdáhùn: ó yá a ni. Ara fáírọ́ọ̀sì kan tó máa ń wọ inú bakitéríà ni jíìnì oró náà wà. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í pa onílé. Ó máa ń so jíìnì tirẹ̀ mọ́ ti bakitéríà, tí ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ yóò fi jogún oró. Ẹ wo ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé: irun tín-ín-rín tí bakitéríà fi ń rí ibùgbé nínú ìfun èèyàn gan-an ni. Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àyáwọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn. Eléyìí bá bakitéríà mu rẹ́múrẹ́mú.

Onígbáméjì nìkan kọ́. Ní 1951, Victor Freeman ti fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì lè sọ bakitéríà dìfítéríà tí kò lóró di olóró.

Wọ́n tún ń pín jíìnì tí kì í jẹ́ kí oògùn ràn wọ́n. Èyí kò tilẹ̀ nílò fáírọ́ọ̀sì: bakitéríà kan lè fara kan èkejì kó sì fún un. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 fi hàn pé láti 1970, ó kéré tán ìgbà 11 ni onígbáméjì ti wọ Áfíríkà láti Éṣíà, àwọn tó dé gbẹ̀yìn sì ń ko oògùn púpọ̀ lójú.

Nítorí náà, ẹni tó ń gbé kápúsù mì ní gbogbo ìgbà tí inú bá yọ ọ́ lẹ́nu ń pa àwọn bakitéríà aláìlágbára, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún alágídí. Omi tó mọ́, ilé ìgbẹ́ tó dára, àti omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún aláìsàn kí a tó gbé e dé ọsibítù: ìwọ̀nyí ni bakitéríà kò lè yá jíìnì kojú. Bí kòkòrò bá sì ń pín ohun ìjà láìwo ààlà, kò yẹ kí ìròyìn àrùn láàárín Ìwòyè àti Kétu máa gba Àbújá àti Kútọnu kọjá kó tó dé etí aládùúgbò.