Ojú Iná, Kọ́bọ́ọ̀dù àti Fíríìjì: Ìtàn Ìpamọ́ Oúnjẹ Inú Ilé ní Ṣómólú àti Bàrígà

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ohun tí òwe yìí kò sọ ni pé níní oúnjẹ ọ̀tọ̀, pípa á mọ́ kí ó má bàjẹ́ ọ̀tọ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti kọ púpọ̀ nípa bí a ṣe ń gbin oúnjẹ àti bí a ṣe ń tà á, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i láàrin ọjà àti ẹnu kò gba àfiyèsí tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ nínú àlàfo yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dí.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn kò le létí: nínú oúnjẹ inú ilé, èwo ni ó yẹ fíríìjì, èwo sì ni ó yẹ kọ́bọ́ọ̀dù? Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan ni ó ń dáhùn ìbéèrè náà, àti pé bí ọ̀làjú ti ń wọlé ni fíríìjì ń gba ipò àwọn ọ̀nà àtijọ́. A kò fara mọ́ èrò yìí pátápátá. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé, ní Ṣómólú àti Bàrígà, iná mànàmáná, ìwọ̀n yàrá àti owó ọwọ́ ni wọ́n jọ ń pinnu ibi tí oúnjẹ ń sùn mọ́jú. Bákan náà, ibi ìpamọ́ kì í ṣe méjì. Mẹ́ta ni: fíríìjì, kọ́bọ́ọ̀dù àti ojú iná. Ẹni tí ó bá gbàgbé ẹ̀kẹta ni ó ń da ọbẹ̀ nù.

2. Àdúgbò tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Ṣómólú àti Bàrígà wà ní apá ilẹ̀ Èkó tí kì í ṣe erékùṣù, láàrin títì Ìkòròdú àti ọ̀sà. Nígbà tí Èkó jẹ́ olú-ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe àkóso rẹ̀, ẹ̀yìn ààlà ni àdúgbò méjèèjì wà, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní 1859, kó wá sí Bàrígà ní 1959. Yunifásítì Èkó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962, Àkókà tí ó múlé gbe Bàrígà ni ó fìdí sọlẹ̀ sí. Àwọn òǹtẹ̀wé ni ó sọ Ṣómólú di olókìkí. Àwọn apẹja Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀dó sí etí ọ̀sà sì wà lára àwọn tí a mọ Bàrígà mọ́.

Ilé tí ó gbilẹ̀ jù lọ ní àdúgbò wọ̀nyí ni ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gbọọrọ láàrin, yàrá lọ́tùn-ún lósì, ilé ìdáná kan ṣoṣo lẹ́yìn fún gbogbo ayálégbé. Bí a kò bá fi èyí sọ́kàn, a kò lè lóye ìtàn ìpamọ́ oúnjẹ níbẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ilé ìdáná wà fún sísè nìkan, kò wà fún ìpamọ́. Bí ìyá kan bá sọ ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ mọ́jú, kò lè búra pé iye ẹran tí ó fi sílẹ̀ ni yóò bá. Nítorí náà, inú yàrá tí tọkọtaya àti ọmọ ń sùn ni oúnjẹ náà ń sùn. Kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ní kọ́kọ́rọ́ dúró ní igun kan. Nígbà tí fíríìjì sì dé, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ó bọ́ sí, tí ó ń mú oúnjẹ tutù, tí ó sì ń tú ooru ẹ̀yìn rẹ̀ sí àwọn tí ó sùn lára.

3. Kí fíríìjì tó dé

Kò sí ìgbà kan tí Yorùbá kò ní ọgbọ́n ìpamọ́. Bí a bá wò ó fínnífínní, a lè pín ọgbọ́n náà sí mẹ́rin. Èkíní ni gbígbẹ: èlùbọ́, gàrí, ilá gbígbẹ àti ata gbígbẹ. Èkejì ni kíkan: ògì tí a fi omi bò, tí a ń pa omi orí rẹ̀ dà lójoojúmọ́, àti irú tí a fi iyọ̀ sí. Ẹ̀kẹta ni èéfín: ẹja yíyan, irú èyí tí àwọn obìnrin Ìlàjẹ ń ṣe létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ẹ̀kẹrin ni iná fúnra rẹ̀: ọbẹ̀ tí a ń gbé ka iná láàárọ̀ àti lálẹ́, àti ata tí a dín títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ tí epo sì yọ sójú.

Àwọn kan lè béèrè pé, ṣé Yorùbá kò mọ ìtutù lò ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n lò. Àmù omi tí ó wà ní igun ilé jẹ́rìí sí i. Omi ń sun díẹ̀díẹ̀ láti ara amọ̀ náà síta. Bí atẹ́gùn ṣe ń gbẹ omi ara rẹ̀ ni ooru inú rẹ̀ ń bá a lọ. Ọgbọ́n yìí kan náà ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, mú lò ní àárín ọdún 1990 sí 1999, nígbà tí ó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, tí ó da yanrìn tútù sáàrin wọn, tí ó sì fi aṣọ tútù bo ojú rẹ̀. Ẹ̀bùn Rolex tí ó gbà ní ọdún 2000 sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ ni ọgbọ́n yìí ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní Èkó tí afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, omi ara ìkòkò kì í tètè gbẹ. Àmù lè mú omi mímu tutù lára, kò lè gba ẹran tútù là. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé èéfín àti iná ni àwọn ará etí ọ̀sà gbára lé.

4. Ìtutù tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn, 1950 sí 1999

Ọdún 1896 ni a kọ́kọ́ tan iná mànàmáná ní Èkó. Àjọ ECN dé ní 1950, a ṣí ìdídò Kainji ní 1969, àjọ NEPA sì gba iṣẹ́ ní 1972. Ṣùgbọ́n wáyà tí ó dé ojúlé kò túmọ̀ sí fíríìjì nínú yàrá. Ìtutù àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù bá pàdé jẹ́ ti ẹlòmíràn: ti àwọn ilé oníyìnyín ńlá tí ń tọ́jú ẹja tí ọkọ̀ òkun kó dé.

Orúkọ tí àwọn ará ìlú òkè fún ẹja yìí yẹ fún àfiyèsí. Wọ́n pè é ní òkú Èkó. Ẹja tí ó ti kú tipẹ́, tí ó rìnrìn àjò láti Èkó, tí kò sì rùn, ó ṣe àjèjì lójú ẹni tí ó mọ ẹja odò tí ń jà. Ní Èkó fúnra rẹ̀, orúkọ ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí i Títọ́ọ̀sì, kòtẹ̀ àti ṣáwá, ni ó gba ẹnu àwọn obìnrin ọjà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé oníyìnyín ni ó ń fi òtútù tọ́jú ẹja náà. Ìyá tí ó rà á ń fi iná tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá rà á náà ni yóò dín in tàbí tí yóò sè é. Ọ̀nà méjèèjì kò bá ara wọn jà rárá. Ńṣe ni èkíní fa iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́.

Owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Udoji dábàá rẹ̀ ní 1974, tí àjẹsílẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1975, wà lára ohun tí ó sọ fíríìjì di ohun tí akọ̀wé kékeré lè lérò láti rà. Láti ìgbà náà ni fíríìjì ti di ẹ̀rí pé ẹnì kan ti rí já jẹ. Omi tútù ni ó kọ́kọ́ ń gbà sínú, kí a lè fi ṣe àlejò. Ẹni tí ó bá ní fíríísà lè fi ta yìnyín àti omi tútù fún àdúgbò. Nígbà tí ètò SAP dé ní 1986, tí owó náírà sì já wálẹ̀, fíríìjì tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀. Tòkunbọ̀ láti òkè òkun ni ó gba ipò rẹ̀.

5. Láti ọdún 2000 títí di òní

NEPA di PHCN ní 2005. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, a fa pínpín iná lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ikeja Electric ni ó ń bójú tó Ṣómólú. Síbẹ̀, igbe tí àwọn ọmọdé ń ké bí iná bá dé kò yí padà: ‘Up NEPA!’ Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí a ń pè ní ‘I better pass my neighbour’ dí àlàfo náà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo, iye tí à ń ra epo bẹntiróòlù fò sókè ju ohun tí a lè máa sun nítorí ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, iye iná fún àwọn oníbàárà ìpele kìíní, tí a ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, di ₦225 lórí ìwọ̀n kan. Iná tí ó tó fún fíríìjì ti wá di ọjà ọ̀tọ̀ tí iye rẹ̀ yàtọ̀.

Àbáyọrí rẹ̀ ni ohun kan tí kò sí nínú ìwé ìtọ́ni ẹ̀rọ kankan: fíríìjì di kọ́bọ́ọ̀dù. Nínú àwọn yàrá kan, fíríìjì tí kò rí iná ni a ń kó búrẹ́dì, gàrí àti ṣúgà sí, nítorí pé ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń pa dé, eku àti èèrà kò sì ráyè wọ̀ ọ́. Àwọn kan lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Lójú tiwa, ìpinnu ọlọgbọ́n ni.

6. Ìpín àwọn oúnjẹ

Pẹ̀lú ìtàn yìí lẹ́yìn wa, a lè pín oúnjẹ inú ilé báyìí:

(a) Oúnjẹ kọ́bọ́ọ̀dù. Gàrí, èlùbọ́, ìrẹsì tútù, ẹ̀wà, iyọ̀, ṣúgà, oyin àti epo pupa. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá wọn, kì í ṣe ooru. Agolo tí ó dé pinpin ni wọ́n ń fẹ́. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn; òtútù tí ó bá lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 12°C ń bà wọ́n jẹ́ láti inú. Búrẹ́dì ń tètè gan nínú fíríìjì ju ìta lọ. Ewu méjì ni ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èkíní ni èbu: láti ìgbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tòlótòló ti kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960 nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí ó bu ni a ti mọ aflatoxin, májèlé tí sísè lásán kì í mú kúrò. Èkejì ni oògùn kòkòrò tí àwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀wà. NAFDAC de títa ìgò kékeré Sniper ní ọjà gbangba ní 2019. Ẹni tí ó bá ní fíríísà tí ń ṣiṣẹ́ lè fi ẹ̀wà rẹ̀ sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Òtútù yóò pa kòkòrò náà láìsí májèlé.

(b) Oúnjẹ fíríìjì. Ẹran àti ẹja tútù, mílíìkì tí a ti ṣí, ẹ̀fọ́ tí a ti já, àti oúnjẹ sísè tí a fẹ́ fi di ọ̀la. Ṣùgbọ́n fíríìjì tí a ń wí ni èyí tí inú rẹ̀ kò ju 4°C lọ. Bí iná bá lọ tí a kò sì ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, nǹkan bí wákàtí 4 ni ó lè fi ṣọ́ oúnjẹ. Fíríísà tí ó kún lè ṣọ́ ọ fún nǹkan bí wákàtí 48, ìdajì rẹ̀ sì ni èyí tí kò kún ju ìlàjì lọ.

(d) Oúnjẹ ojú iná. Ọbẹ̀ ata, ẹ̀gúsí àti ata díndín. Ó gbọ́dọ̀ hó yányán dé ìsàlẹ̀ ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Lílọ́wọ́ọ́rọ́ lásán ń bọ́ kòkòrò àìfojúrí ni, kì í pa á. Ìrẹsì sísè kò sí nínú ìpín yìí: bí ó bá sun ìta, kòkòrò kan nínú rẹ̀ lè pèsè májèlé tí iná kì í pa. Bí kò bá sí òtútù tòótọ́, kí a se ìwọ̀n tí a ó jẹ tán.

(e) Oúnjẹ tí a ń jiyàn lé lórí. Ẹyin ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, a ń fọ ẹyin kí ó tó dé ọjà, ìwẹ̀ náà sì ń ṣí ohun tí ó bo ara èèpo rẹ̀. Nítorí náà inú òtútù ni ó gbọ́dọ̀ wà. Ẹyin tí a kò fọ̀, irú èyí tí à ń rà ní kéréètì ní Bàrígà, lè wà níta níbi tí ó tutù díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí a máa gbé e wọlé gbé e jáde bí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, nítorí pé ara rẹ̀ á máa làágùn.

7. Ìgúnlẹ̀

Àwọn kan yóò sọ pé ojú iná náà ń ná ni lówó. Òótọ́ ni, kẹrosíìnì àti gáàsì kò pọ́n níbi kankan mọ́. Ṣùgbọ́n olówó iná lè gbé ọbẹ̀ rẹ̀ ka iná ní àsìkò tí ó bá fẹ́. Ẹni tí fíríìjì rẹ̀ ń retí iná kò mọ àsìkò tirẹ̀.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé ọgbọ́n ẹ̀kẹta yìí ń parẹ́. Àwọn ọmọ tí a tọ́ ní ilé tí iná ti ń wà dáadáa mọ bí a ṣe ń gbé ìkòkò sínú fíríìjì. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ bí a ṣe ń mọ̀ pé ọbẹ̀ ti fẹ́ bó, tàbí pé a kì í fi ṣíbí tí a fi jẹun bu ọbẹ̀ tí yóò di ọ̀la. Nígbà tí iná bá lọ, wọ́n a fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú àpótí gbígbóná, wọ́n a sì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé inú fíríìjì ni ó wà. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Iná ilé náà sì ni ó yẹ kí a wò kí a tó sọ ibi tí ọbẹ̀ yóò sùn.