Láti Ẹnu Alákàrà dé Orí Fóònù: Èsì Oníbàárà nínú Ìtàn Ìpolówó Ọjà

Àwọn kan rò pé ọmọ àná ni lílo ohùn àti àwòrán pọ̀ láti fi polówó ọjà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Alákàrà tó ń kiri láàárọ̀ ń fi ohùn dídùn pe ọjà rẹ̀, ó ń ṣí igbá kí ojú rí i, kí imú sì gbóòórùn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá dá a lóhùn, á sọ igbá kalẹ̀, wọ́n á jọ ná an.

Èsì yìí ni ìkéde ìgbàlódé kọ́kọ́ gbé sọnù. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 fún wa ní ọ̀rọ̀ títẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kò lóhùn. Rẹdifúṣọ̀n dé Èkó ní 1935, ohùn padà. Síbẹ̀, àwọn tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹwàá, 1959, àwòrán bá ohùn pàdé, àmọ́ ìran lásán ni oníbàárà ń wò. Owó ìkéde ibẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí apá alákàrà ká.

Fóònù ló dá èsì padà. Aláṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn lè fi fọ́nrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí oníbàárà rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí àwọ̀ òwú, kí ó gbọ́ ìró òfì, kí ó sì ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù (èyí ló dùn mọ́ mi jù). Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ fọ́nrán í yà dáadáa. Ohùn tí wọn yóò fi pe ọjà ni wọn kò ní. Abẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn la ti ń kọ́ ìpolówó, akẹ́kọ̀ọ́ okòwò kì í sì í dé kíláàsì yẹn.