Là àti Gé: Àtẹ Ìtigi nínú Ìtàn Iṣẹ́ Káfíńtà ní Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú pépà yìí lè dàbí ohun kékeré lójú ẹni tí ó ń kọ ìtàn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Pákó fífẹ̀ kan ni. Káfíńtà a máa gbé e lé orí tábìlì ẹ̀rọ ayùn, a máa to igi tí ó fẹ́ gé sórí rẹ̀, a sì máa ti àwọn méjèèjì papọ̀ lọ sí ẹnu ayùn. Nítorí pé kò tíì sí orúkọ tí ó fìdí múlẹ̀ fún un nínú ìwé Yorùbá, àtẹ ìtigi ni a ó máa pè é níhìn-ín. Èrò tiwa ni pé ìtàn bí Ọ̀tà ṣe di ìlú ilé-iṣẹ́ kò lè pé bí a kò bá sọ bí ìmọ̀ gígé igi kí igun rẹ̀ gún régé ṣe kúrò ní ojú àti ọrùn ọwọ́ ènìyàn, tí ó bọ́ sínú pákó yìí, àti ohun tí ìyípadà náà mú bá ọmọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Yorùbá kì í da là pọ̀ mọ́ gé. A ń la igi, a ń la ọ̀nà, a ń la àgbọn. Ṣùgbọ́n a ń gé iṣu, a ń gé ẹran. Ẹni tí ó ń la igi ń tẹ̀lé iṣan igi láti òkè dé ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó ń gé e ń dábùú iṣan náà. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Eyín ayùn ìlagi dàbí ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì tí ń ha igi kúrò. Eyín ayùn ìgégi dàbí ṣóńṣó ọ̀bẹ tí ń ya iṣan kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ìṣòro tí àtẹ ìtigi wá yanjú wà nínú ọ̀rọ̀ méjì yìí: ẹ̀rọ tí a ṣe ní pàtàkì fún lílà ni a fẹ́ kí ó máa gé.

Iṣẹ́ igi kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀tà. Ìlú Àwórì yìí ti ní orúkọ láti ọjọ́ pípẹ́ nípa àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀, pàápàá àwọn tí ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ogún iyebíye ẹ̀dá ènìyàn. Ṣùgbọ́n odidi ìtì igi kan ni ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń jáde wá. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni kí orí náà jọ orí, kí ó sì bá orí ẹni tí yóò gbé e mu. Kò sí ẹni tí ń bèèrè pé kí igun méjì bá ara wọn mu ní dígírì 90. Kò yẹ kí a torí èyí sọ pé baba wa kò mọ igun. Ọpọ́n ayò àti ilẹ̀kùn ààfin wà fún ẹ̀rí. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ wọn kò gbé igun ka ipò àkọ́kọ́.

Ilé onífèrèsé àti onílẹ̀kùn àsomọ́ férémù ni ó gbé e dé ipò náà. Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà ní 1842. Ní 1854 ni James White, ọmọ Sàró tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ń fẹ́ bẹ́ńṣì, wọ́n ń fẹ́ fèrèsé tí yóò pa dé. Ní Èkó nítòsí, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil àti Cuba dé ni wọ́n gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà; iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn lára mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin dé. A bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó ní 1896, ó gba Ìjòkó àti Ifọ̀ kọjá lẹ́bàá Ọ̀tà, ó sì dé Ìbàdàn ní òpin 1900. Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ igi.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ayùn ọwọ́ ni a fi ń gé igi. Ọ̀gá yóò fi irin onígun fa ìlà sára pákó, ọmọ iṣẹ́ yóò sì máa fa ayùn lórí ìlà náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀, igun wọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ọmọ iṣẹ́ fi ń wọ́ igun kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ ọ̀nà.

Ayùn róbótó tí ń yí lórí ara rẹ̀ ti pẹ́ ní Yúróòpù: Samuel Miller, ará Southampton, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ kan tí ó ní irú ayùn yìí ní 1777. Ní 1906, Wilhelm Altendorf ní Berlin ṣe ẹ̀rọ ayùn tí apá kan tábìlì rẹ̀ ń rìn, tí ó ń gbé igi lọ bá ayùn. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ olówó ń lò títí di òní. Owó rẹ̀ kì í ṣe ti káfíńtà etí títì.

Wàyí o, a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, 1976. Ọ̀tà sún mọ́ Èkó, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì wọ́n bíi ti Èkó. Títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta sì gba Sàngó kọjá. Ilé-iṣẹ́ pọ̀, òṣìṣẹ́ pọ̀, ilé àyágbé sì ń jáde bí olú. Àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń ka iye ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó ṣe ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kì í sí nínú àkọsílẹ̀. Nínú ìsọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní sákúlà sábà máa ń jẹ́ férémù irin tí a jó pọ̀ ládùúgbò, mọ́tò iná mànàmáná lábẹ́, bẹ́líìtì, àti irin pẹrẹsẹ tí ayùn yọ orí láàárín rẹ̀. Ó ń lagi dáadáa. Ìgbà tí a bá fẹ́ gé pákó fífẹ̀ ní ìdábùú ni wàhálà dé. Pákó náà yóò máa yí lọ́wọ́ ẹni tí ń tì í. Bí ó bá yí díẹ̀, yóò fún ayùn mọ́ra, ayùn yóò sì ju ú padà sí àyà ẹni náà. Bí agbára iná bá lọ sílẹ̀ lójijì, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àtẹ ìtigi ńlá ni ìdáhùn. Pláíwúùdù ni ìdí rẹ̀, igi líle méjì dúró síwájú àti sẹ́yìn láti so ó pọ̀, nítorí ayùn yóò la àárín rẹ̀ kọjá. Bí tábìlì bá ní ipa tí a gbẹ́ sójú rẹ̀, ọmọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì yóò máa rìn nínú ipa náà. Èyí tí a jó ládùúgbò kì í sábà ní ipa. Nítorí náà, a lè kan ọmọ igi méjèèjì kí wọ́n gbá etí tábìlì mú lọ́tùn-ún lósì. Àbẹ́là ni a fi ń pa á kí ó lè yọ̀. Lójú tèmi, ọgbọ́n dídi etí tábìlì mú yìí tó ohun tí ó yẹ kí a kọ sínú ìtàn.

Igi ẹ̀yìn ni ohun gbogbo dúró lé, nítorí òun ni pákó fẹ̀yìn tì. Bíríkìlà a máa fi okùn 3, 4, 5 wá igun ilé. Káfíńtà lè gé pákó kan sí méjì, kí ó dojú ìdajì kan dé, kí ó sì tún fi ẹnu wọn kanra. Àlàfo tí ó bá hàn jẹ́ ìlọ́po méjì àṣìṣe. Ọ̀nà tí ó fínnífínní jù ni gígé ẹ̀ẹ̀marùn-ún. A ó gé etí pákó kan, a ó yí i kí etí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé fẹ̀yìn ti igi náà, a ó gé èkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀kẹrin. Ní ẹ̀karùn-ún a ó tún gé etí àkọ́kọ́, a ó sì wọn orí àti ìdí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó já bọ́. Bí ọ̀kan bá fi mìlímítà 2 fẹ̀ ju èkejì lọ, a ó pín in sí ọ̀nà 4: ìdajì mìlímítà ni àtẹ náà fi wọ́ ní gígùn ọ̀já yẹn. Àṣìṣe tí ojú kò rí ti di ohun tí a lè wọ̀n.

Ẹni tí ó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan ti fi ìmọ̀ rẹ̀ sínú pákó. Láti ọjọ́ náà, ọmọ iṣẹ́ tí ó wọlé lánàá lè gé igun tí ó gún. Àwọn kan yóò ní èyí ba ẹ̀kọ́ṣẹ́ jẹ́, pé ọmọ yóò gba fúrídọ̀mù láìmọ ayùn ọwọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n òtítọ́ díẹ̀: ọmọ tí ó kàn ń ti àtẹ kò mọ ohun tí ó mú un gún, bí ọ̀gá kò bá jẹ́ kí ó bá a ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Àtẹ ń mú ọwọ́ jìnnà sí ayùn, àfi ní ibì kan: ibi tí ayùn ti ń yọ lẹ́yìn igi ẹ̀yìn, níbi tí àtàńpàkò ẹni tí ń tì í sábà máa ń wà. A gbọ́dọ̀ lẹ ìtì igi mọ́ ibẹ̀ kí ayùn lè sá pamọ́ sínú rẹ̀. Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti 1987 pa á láṣẹ pé kí a dáàbò bo ibi tí ó léwu lára ẹ̀rọ, Òfin Owó Ìtánràn Òṣìṣẹ́ ti 2010 sì ka ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Nínú ìsọ̀ kékeré, ìtì igi yẹn ni apá kan òfin tí ọmọ iṣẹ́ lè fọwọ́ kàn.

Fún òpìtàn, àtẹ tí ó ti gbó jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀. Àmì lẹ́ẹ̀dì wà lára igi ẹ̀yìn rẹ̀, ìṣó wà níbi tí a ti ń dá gígùn kan náà gé léraléra. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti àwọn ọdún 1970 ni Nàìjíríà ti bọ́ sí ìwọ̀n mítà, ẹsẹ̀ bàtà àti ínǹṣì ni ọ̀pọ̀ àmì náà ń kà, nítorí 4 lórí 8 ni a ṣì ń ta pláíwúùdù. Láti ara wọn ni a ti lè mọ bí ilẹ̀kùn àsìkò kan ti ga tó àti bí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀nà ayùn bá ti fẹ̀ jù lára àtẹ, igi ìdáná ni í dà.