Ramyeon

Ramyeon (Hangul: 라면) jẹ́ núdùlù gbígbẹ ti Gúúsù Kòréà tí a ń sè nínú omi híhó pẹ̀lú èròjà ọbẹ̀ tí ó bá a wá nínú ọ̀rá. Ìkòkò kan ṣoṣo ni a nílò láti sè é, kì í sì í sábà gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lẹ́yìn tí omi bá ti hó. Nítorí èyí, ó gbajúmọ̀ gan-an láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn mìíràn tí wọ́n ń dá gbé. Ó jọ núdùlù tí ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà mọ̀ sí Indomie, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ bí ọbẹ̀, ata rẹ̀ a sì máa ta.

Orúkọ

Orúkọ náà bá ramen ti èdè Jàpáánù tan, èyí tí a sábà máa ń so mọ́ lamian ti èdè Ṣáínà. Myeon, tí ó parí ọ̀rọ̀ náà, túmọ̀ sí núdùlù. Ní èdè Kòréà òde òní, ramyeon ni wọ́n ń pe núdùlù inú ọ̀rá, nígbà tí wọ́n fi orúkọ náà ramen sílẹ̀ fún núdùlù ilé oúnjẹ àwọn ará Jàpáánù.

Ìtàn

Ní ọdún 1958, Momofuku Ando gbé núdùlù irú èyí jáde ní Jàpáánù. Ní àkókò náà, ebi ṣì ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Gúúsù Kòréà lẹ́yìn ogun ọdún 1950 sí 1953. Ìtàn ilé-iṣẹ́ Samyang sọ pé olùdásílẹ̀ rẹ̀, Jeon Jung-yun, rí àwọn tálákà tí wọ́n tò sórí ìlà ní ọjà Namdaemun ní Seoul láti ra àsáró tí a fi àjẹkù oúnjẹ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sè. Ó gba ìmọ̀ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Myojo ti Jàpáánù, ó sì gbé ramyeon àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, ní owó won 10. Ilé-iṣẹ́ Nongshim gbé Shin Ramyun, tí ata rẹ̀ pọ̀, jáde ní ọdún 1986.

Bí a ṣe ń sè é

Fún ọ̀rá kan tí ó wọn nǹkan bí gíráàmù 120, a ó gbé omi tí ó tó mìlílítà 550 kaná. Bí ó bá ti hó, a ó da èròjà ọbẹ̀ àti ẹ̀fọ́ gbígbẹ sí i, a ó sì fi núdùlù sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún. Bí a bá ń fi ọ̀pá ìjẹun gbé núdùlù náà sókè kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, kì í tètè rọ̀ jù. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó jinná, a lè fọ́ ẹyin kan sí i, kí a sì gé àlùbọ́sà eléwé lé e lórí.

Ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí a ń pè ní yangeun naembi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn, nítorí pé ó tètè ń gbóná. Kimchi ni wọ́n máa ń fi jẹ ẹ́. Bí núdùlù bá tán, wọ́n a tún da ìrẹsì sínú omi ọbẹ̀ tí ó kù.

Àwọn tí ń dá gbé

Ní ọdún 2022, ìdílé ẹlẹ́nìkan ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìdílé ní Gúúsù Kòréà lọ. Honbap ni wọ́n ń pe dídá jẹun, láti inú honja (ní òun nìkan) àti bap (ìrẹsì tàbí oúnjẹ). Ọ̀rá ramyeon kan tó ènìyàn kan jẹ láìṣẹ́kù.

Ìlera

Iyọ̀ inú ramyeon pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú pé kí sódíọ̀mù tí ó ń jẹ lójúmọ́ má tó mìlígíráàmù 2,000, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rá ramyeon ní ju 1,500 lọ. Inú èròjà ọbẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dín èròjà náà kù, tí kò sì mu omi ọbẹ̀ tán, ti dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Ẹyin, ẹ̀fọ́ tútù tàbí wàrà ẹ̀wà sóyà ń fi kún ohun tí ara ń rí gbà, nítorí núdùlù náà fúnra rẹ̀ kò ju ìyẹ̀fun àlìkámà tí a sábà máa ń fi epo dín lọ.