Ẹsẹ̀ Ni Adájọ́: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Dán Bàtà Ológun àti Bàtà Òkè Wò

Ẹni tó bá fẹ́ ra búùtù sójà sábà máa ń gbé e wò bóyá ó wúwo, á fi ìka tẹ awọ rẹ̀ bóyá ó le, á sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè rí bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti nípọn tó. Ojú àti ọwọ́ ló fi ń dájọ́ ohun tí ẹsẹ̀ máa lò. Àwọn ìjọba tó ń ra bàtà fún ọmọ ogun náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyà tí èyí fi jẹ sójà kò sì kéré. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí bàtà bá rọrùn, kò lè tọ́jọ́. Bó bá tọ́jọ́, ẹsẹ̀ á jìyà rẹ̀. Lójú tèmi, ìtàn bàtà ológun kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Bí bàtà ti tọ́jọ́ tó, iye ìrìn tí ẹsẹ̀ fi wà lálàáfíà nínú rẹ̀ ló yẹ kí a fi wọ̀n ọ́n. Awọ tó wà láìya lẹ́sẹ̀ ẹni tí kò lè rìn mọ́, kí ló fi tọ́jọ́?

Àwọn ará Róòmù ìgbàanì mọ apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Vindolanda, ibùdó ogun wọn kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàtà awọ mọ́ títí di òní. Èyí tó lókìkí jù nínú bàtà sójà wọn ni caliga, tí wọ́n gé awọ òkè rẹ̀ ní ọ̀já-ọ̀já kí omi tó bá wọlé lè tètè jáde, tí wọ́n sì kan ìṣó irin kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ìṣó bá jẹ tán, wọn á kan òmíràn. (Inú bàtà yìí ni olú ọba Caligula ti rí orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń wọ aṣọ sójà fún un nígbà tó wà lọ́mọdé ní ibùdó baba rẹ̀.) Bàtà tí omi ń tètè jáde nínú rẹ̀, tó sì ṣe é tún ṣe lójú ọ̀nà: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó dé lẹ́yìn wọn ni kò ní méjèèjì pọ̀.

Títí wọ inú ọ̀rúndún 19, ọ̀pọ̀ bàtà sójà ní Yúróòpù kò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Ọ̀kan náà ni wọ́n ń rán méjèèjì, ẹsẹ̀ ni yóò sì fi ìrora yí i padà sí ìrísí ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti Corunna ní ilẹ̀ Sípéènì padà dé ní 1809, Marc Isambard Brunel, ẹnjinníà tí wọ́n bí ní Faransé, rí i pé àkísà ni àwọn kan fi wé ẹsẹ̀ wọn. Ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Battersea ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn sójà tó ti fara gbọgbẹ́ ti ń fi ẹ̀rọ àti ìṣó kan ìsàlẹ̀ bàtà mọ́ awọ. Bàtà rẹ̀ kò já. Ìjọba rà á títí ogun tí wọ́n ń bá Faransé jà fi parí ní 1815, lẹ́yìn ìyẹn bàtà kún ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ láìsí ẹni tó máa rà á, ó sì wà lára ohun tó kó o sí gbèsè tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n ní 1821.

Ní Amẹ́ríkà, Lyman Blake gba ìwé àṣẹ ní 1858 lórí ẹ̀rọ tó ń rán ìsàlẹ̀ bàtà. Gordon McKay ra àṣẹ náà, ó tún ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe, Ogun Abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1861 sì fún un lọ́jà tó pọ̀. Àléébù ẹ̀rọ yìí ni pé òwú rẹ̀ ń gba inú bàtà kọjá, omi sì lè tọ ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Èyí tó yí ọ̀rọ̀ padà ni ọgbọ́n tí Charles Goodyear kékeré mú jáde ní nǹkan bí 1870. (Baba rẹ̀ ni Goodyear tó ṣàwárí bí wọ́n ṣe ń fi iná àti imí-ọjọ́ sọ rọ́bà di ohun tó lágbára.) Wọ́n á kọ́kọ́ rán ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí bàtà ká, wọ́n á wá rán ìsàlẹ̀ mọ́ ọ̀já náà. Nígbà tí ìsàlẹ̀ bá jẹ, ṣúmékà lè tú u kúrò kó sì rán òmíràn sí i láìfọwọ́ kan awọ òkè. Awọ òkè yìí ló ti mọ ẹsẹ̀ olówó rẹ̀, tó ti tẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá jẹ tí a sì ju gbogbo bàtà nù, a ti ju ìrọ̀rùn oṣù púpọ̀ nù pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó mú kí bàtà Goodyear tọ́jọ́ náà ló mú kí ìrọ̀rùn rẹ̀ tọ́jọ́.

Ṣùgbọ́n ìrán tó dára kò lè gba ẹsẹ̀ là bí ìrísí bàtà bá lòdì sí tirẹ̀. Ní ọdún 1858 yẹn kan náà, Georg Hermann von Meyer, onímọ̀ ẹ̀yà ara ní Zürich, kọ̀wé pé ìlà tó bá ti àárín gìgísẹ̀ bọ̀ gbọ́dọ̀ gba inú ọmọ-ìka ńlá kọjá, nígbà tó jẹ́ pé bàtà tó ṣọnṣo ní àárín ni àwọn aránbàtà ń ṣe. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́ kó tó dé bárékè. Edward Lyman Munson, dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọdún mẹ́rin yẹ ẹsẹ̀ bí 2,000 sójà wò, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní 1912. Láàsì tó ti inú iṣẹ́ yìí jáde, ìyẹn igi tí a gbẹ́ bí ẹsẹ̀ tí aránbàtà ń fa awọ mọ́, tọ́ gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ inú, ó sì fẹ̀ níwájú kí ọmọ-ìka lè ráyè nà. Bí wọ́n ṣe ní kí a wọn ẹsẹ̀ tún ṣe pàtàkì ju láàsì náà lọ. Sójà yóò gbé ẹrù tó tó 40 pọ́n-ùn sẹ́yìn, yóò sì gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan, nítorí ẹsẹ̀ tó ru ẹrù máa ń gùn sí i, ó sì máa ń fẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú rí ìyẹn lára bàtà tó wà lórí tábìlì.

Àwọn ọ̀gá ológun àtijọ́ ní ìdáhùn tiwọn: bàtà gbọ́dọ̀ ta ẹsẹ̀ kó tó mọ́ ọn lára, ìrora sì jẹ́ ara ẹ̀kọ́ sójà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí awọ líle nílò àkókò kó tó rọ̀. Munson fèsì rẹ̀ lọ́nà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ó ní kí sójà dúró nínú omi tí kò jìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀, kó wá rìn fún bíi wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú títí bàtà yóò fi gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Wákàtí kan nìyẹn, láìsí ọ̀sẹ̀ méjì ìléròrò. Bí láàsì kò bá sì fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ-ìka láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìfaradà tí yóò dá àyè náà sílẹ̀.

Àwọn mìíràn á rán wa létí pé àwọn sójà tiwa jagun láìwọ bàtà. Bẹ́ẹ̀ ni: àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n kó lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti bá Jámánì jà ní òpin 1916 kò lo búùtù bíi tàwọn ọ̀gá wọn òyìnbó. Bí ẹnikẹ́ni bá fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ẹsẹ̀ tó yi kò nílò ìrọ̀rùn, kó rántí jìgá, tó jẹ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ sójà àti alárù nínú ogun náà débi tí wọn kò lè rìn mọ́. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, tí wọ́n kó àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà, búùtù wá di ara ẹrù sójà. Ẹsẹ̀ tó dàgbà láìwọ bàtà sì máa ń fẹ̀ níwájú. Bàtà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ òyìnbó tó ti há láti kékeré ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀ yóò fún un mọ́lẹ̀. Dípò kí ẹ̀rí yìí tako Munson, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tì.

Omi ló tún wá já ìdájọ́ ojú ní irọ́. Nínú yàrà ogun ní ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìgbà òtútù 1914 sí 1915, bíi 20,000 sójà Gẹ̀ẹ́sì ni àìsàn ẹsẹ̀ yàrà kọlù. Òtútù náà kò ní láti dì: kí ẹsẹ̀ wà nínú omi tútù fún ọjọ́ mélòó kan, kí bàtà sì há, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé ọmọ-ìka mọ́, ẹran ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àṣẹ wá jáde pé kí sójà máa fi òróró ẹja àbùùbùtán pa ẹsẹ̀, kó sì máa pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó dé ní 1917 rí i pé búùtù wọn ń mu omi, ó sì ń tú, ni wọ́n bá ṣe òmíràn ní 1918 tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, tó kún fún ìṣó, tó wúwo débi tí àwọn sójà fi ń pè é ní táǹkì kékeré. Bàtà náà kò tètè jẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irin a máa fa òtútù wọ inú ẹsẹ̀. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì náà, ẹsẹ̀ yàrà tún padà wá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Yúróòpù ní 1944.

Orí òkè ni ojútùú ọ̀ràn ìṣó ti wá. Ní 1935, àwọn mẹ́fà tó ń gun òkè kú ní Punta Rasica ní òkè Alps ilẹ̀ Ítálì nígbà tí ojú ọjọ́ burú mọ́ wọn lára. Bàtà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń gun àpáta ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Vitale Bramani, tó mọ̀ wọ́n, ronú bí bàtà kan ṣe lè di àpáta mú kó sì tún gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ òtútù. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Pirelli, ó mú ìsàlẹ̀ rọ́bà onígun-gun jáde ní 1937, tó ń jẹ́ Vibram láti ara orúkọ rẹ̀, bàtà tó ní ìsàlẹ̀ náà sì wà lẹ́sẹ̀ àwọn ará Ítálì tó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó K2 ní 1954. Ìṣó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílẹ̀.

Ogun Vietnam tún fi kún ẹ̀kọ́ yìí. Búùtù inú igbó tí wọ́n fún sójà Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960 jẹ́ aṣọ náílọ́ọ̀nù lókè, ó sì ní ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ kí omi lè jáde. Nígbà tó yá wọ́n fi pẹlẹbẹ irin sínú ìsàlẹ̀ rẹ̀ nítorí ọparun ṣónṣó tí àwọn ọ̀tá ń rì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú dájọ́ á ní aṣọ ni, kò lè pẹ́, ihò ló tún lù sí i. Àmọ́ nínú irà, ẹsẹ̀ tó lè gbẹ ló ń rìn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn: búùtù kúkúrú tí wọ́n yọ́ ìsàlẹ̀ rọ́bà rẹ̀ mọ́ awọ tààrà, tó le, tó sì mọ níwọ̀n lówó. Ní erékùṣù Falklands ní 1982, omi wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ yàrà tó yẹ kó ti di ìtàn àwọn bàbá àgbà sì mú ọ̀pọ̀ sójà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ogun yẹn tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí búùtù gíga.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ilé àyẹ̀wò. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ a máa tan ènìyàn jẹ, pé ẹ̀rọ ni kì í ṣe ojúsàájú. Ilé ìwádìí bàtà SATRA ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń tẹ awọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà àti èyí tó ń fi yanrìn ha rọ́bà. N kò kó iyán wọn kéré. SATRA kan náà ló darí ṣíṣe bàtà tí wọ́n fi gun Everest ní 1953, èyí tí wọ́n fi òwú igi àràbà sínú rẹ̀ kí òtútù má bàa wọlé, ẹ̀rọ sì lè sọ ìgbà tí rọ́bà máa jẹ. Ohun tí kò lè sọ ni ẹsẹ̀ ta ni yóò bá bàtà náà mu. Láàárín 2009 sí 2010, ìwádìí jáde lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tuntun ní Amẹ́ríkà tí àwọn onímọ̀ yan bàtà eré ìdárayá fún gẹ́gẹ́ bí ìrísí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Ìpalára wọn kò dín ju ti àwọn tó gba irú bàtà kan ṣoṣo lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí Yunifásítì Calgary tó jáde ní 2001, wọ́n fún àwọn sójà ní tìmùtìmù inú bàtà mẹ́fà kí kálukú fúnra rẹ̀ yan èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Láàárín oṣù mẹ́rin, ìpalára dín kù lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ èyí tí ẹnì kan yàn yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì.

Mo gbà pé ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ṣọ́ọ̀bù a máa tan ẹsẹ̀ jẹ. Bàtà tó rọ̀ bí ìrọ̀rí lè má gbé ẹsẹ̀ ró lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Kí a dá ẹjọ́ náà dáadáa ni oògùn rẹ̀: ní ọ̀sán nígbà tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí a máa lò, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ká sì sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti mọ̀ bóyá ọmọ-ìka ń kan iwájú. Ìwọ̀n pẹ̀lú ń gba agbára: ìwádìí fi hàn pé 100 gíráàmù tí a bá fi kún búùtù ń fi bí 0.7 sí 1 nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára tí ara ń ná. Ẹni tó bá sọ pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun kò lè fún kálukú ní tirẹ̀, kó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n kéde búùtù aláwọ̀ búráwùn ní 2012, wọ́n ṣe é ní oríṣi fún iṣẹ́ àti ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí sójà lè yan nínú ju irú kan lọ fún iṣẹ́ kan náà.

Ó ku ibì kan tí ẹsẹ̀ kò ti lè dájọ́ tán, ó sì kan àwọn tó ń ra búùtù òkè tòkunbọ̀ lọ́jà wa. Ọ̀pọ̀ búùtù òde òní ní polyurethane láàárín ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rinrin àti ooru máa ń tú ohun èlò yìí díẹ̀díẹ̀, yálà a wọ bàtà tàbí a kò wọ̀ ọ́, nítorí náà bàtà tó ti wà nínú páálí fún ọ̀pọ̀ ọdún lè rọrùn lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí a rà á, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fọ́ wẹ́wẹ́ lójú ọ̀nà lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Ẹni tó ń rà á lè fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ náà: bó bá ń rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ti bàjẹ́. Kó wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sínú ahọ́n bàtà, kó sì wò ó bóyá wọ́n rán ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọ̀já awọ, nítorí irú èyí ló rọrùn jù fún ṣúmékà àdúgbò láti fi rọ́bà mìíràn sí láìba awọ òkè jẹ́.