Ìbọn, ẹ̀yà ara rẹ̀ àti ìdájọ́ ilé ẹjọ́

Ní Awo, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ nítòsí Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ́ ló ń ṣòfin lé ìbọn ọdẹ lórí. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ohun ìjà, ọta àti ohun abúgbàù sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Òfin Ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1959 ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Àgbá, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́ jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún láṣẹ. Àwọn ìbọn kan wà tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ń fúnni níwèé àṣẹ wọn. Ṣakabùlà tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu sì wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ọdẹ fi sọ́kàn jù nìyí: òfin yìí ka ẹ̀yà ara ìbọn èyíkéyìí sí ìbọn. Ọ̀pá ìbọn lásán tí ẹnìkan fi há àjà, tí kò nídìí, tí kò lè yìn, lè gbé e dé kóòtù. Òfin ìdigunjalè àti ìbọn ti 1984 tún sọ ọ́ kedere pé ìbọn ni, ì báà jẹ́ odindi tàbí èyí tí wọ́n tú. Owó ìtanràn 20,000 náírà ni ìjìyà níní in láìgbàwé àṣẹ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì.

Ní 2011, Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jù Lọ to ohun mẹ́ta tí agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀: pé wọ́n bá nǹkan náà lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́, pé ó jẹ́ ìbọn lójú òfin, àti pé olùjẹ́jọ́ kò níwèé àṣẹ. Inú ìkejì ni gbogbo àríyànjiyàn lórí àfikún ìbọn wà. Ṣé ẹ̀yà ara ìbọn ni awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀kánkán? Ohun tí ń pa ariwo rẹ̀ ńkọ́? Ìtumọ̀ inú òfin 1959 kò dárúkọ wọn. Ẹni tí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ń dúró dè kò yẹ kó máa méfò lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn aṣòfin ló yẹ kó dárúkọ wọn.

Amẹ́ríkà ti rí bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń yí ẹjọ́ padà. Bump stock jẹ́ ìdí ìbọn tó ń sún síwá sẹ́yìn bí ìbọn bá ti ń ta padà, tí ìka oníbọn á fi máa kan ibi tí wọ́n ń fà léraléra. Òun ni apànìyàn lò ní Las Vegas ní 2017, tí ènìyàn tó lé ní 50 fi kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba kà á mọ́ ìbọn arọ̀jò-ọta. Ní 14 oṣù kẹfà 2024, adájọ́ 6 nínú 9 ní Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé ìlànà náà. Clarence Thomas kọ ọ́ pé ìfà kan, ọta kan ṣì ni. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta 2025, adájọ́ 7 fara mọ́ ìlànà tó ka àpapọ̀ ẹ̀yà tí aráàlú lè tò di ìbọn nílé sí ìbọn.

Àdéhùn ECOWAS lórí ohun ìjà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní 2006 náà mẹ́nu kan ẹ̀yà ara ìbọn. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ Gani Fawehinmi ní 2000, Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà ti sọ pé àdéhùn òkèèrè kò lágbára ní kóòtù Nàìjíríà àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin.